Ẹni tó bá báálù bọ́ǹbù lọ tí kò padà wálé: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá nípa ará ilé tó kú nígbà ogun Hitler

Ẹ kú ọjọ́ o. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn máa ń bi mí jù, àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ tó gbọ́ nílé pé bàbá kan wà nínú ẹbí tó bá òyìnbó fò lọ ju bọ́ǹbù nígbà ogun Hitler, kò padà wálé mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kó wọn pọ̀ síbí kí n má baà máa tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́. Ẹ ka èyí tó bá kàn yín, ẹ fo ìyókù.

Ṣé lóòótọ́ ni àwọn èèyàn tiwa wà nínú báálù yẹn? Bọ́mà ni mo mọ̀ pé gbogbo wọn lọ.

Lóòótọ́ ni, wọn ò kàn pọ̀ ni. Àwọn tó lọ Bọ́mà pẹ̀lú Division 81 àti 82 ti West Africa ló pọ̀, àwọn ni gbogbo àdúgbò mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pe bàbá yòówù tó bá ja ogun yẹn ní "Burma boy" kódà kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má tẹ Bọ́mà rí. Àmọ́ àwọn kan wà tó wọ RAF, ìyẹn ọmọ ogun òfúrufú Ìlú Ọba, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ń fò lọ sí Jámánì lóru.

Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, òfin RAF ni pé ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òyìnbó pọ́ńbélé láti ìdí bàbá àti ìyá. Oṣù kẹwàá 1939, nígbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n gbé òfin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé nítorí ogun nìkan ni. Peter Thomas, ọmọ Nàìjíríà, ni ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá níbẹ̀, ní 1942, ó kú ní 1945 nígbà tí báálù rẹ̀ já, kì í ṣe ọ̀tá ló yìn ín lulẹ̀. Akin Shenbanjo náà wà, òun ló ń bójú tó wáyàlẹ́ẹ̀sì nínú Halifax kan, irú báálù bọ́ǹbù kan, ní Squadron 76 (squadron ni ẹgbẹ́ báálù ogun), àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ "Achtung! The Black Prince" sára báálù wọn nítorí ẹ̀, wọ́n fún un ní DFC, mẹ́dà fún ìgboyà lókè òfúrufú, ó sì la ogun já. Ẹ wo Johnny Smythe náà, ọmọ Freetown, navigator ni, ẹni tó ń mọ̀nà, àwọn Jámánì yìn ín lulẹ̀ ní 1943, ó ṣẹ̀wọ̀n lọ́dọ̀ wọn títí ogun fi parí, ó wá padà sílé di Attorney-General Sierra Leone.

Shenbanjo àti Smythe la á já o. Àwọn tí kò la á já ni orúkọ wọn ń sọnù.

Ta ni Bankole Vivour tí ẹ máa ń dárúkọ?

Ọmọ Nàìjíríà ni, Vivour sì jẹ́ orúkọ ìdílé tí Èkó àtijọ́ mọ̀ dáadáa. Bomb aimer ni, ẹni tó ń ju bọ́ǹbù, ó wà ní Bomber Command, ìyẹn apá RAF tó ń fi báálù ju bọ́ǹbù, ó sì kú nínú ìjà Nuremberg, òru ọjọ́ 30 mọ́jú ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1944. Mo máa ń dárúkọ ẹ̀ nítorí pé òru yẹn gan-an ni Bomber Command pàdánù báálù jù lọ nínú gbogbo ogun náà, ìwé tí wọ́n sì ti kọ lórí òru yẹn pọ̀ lọ jàra, síbẹ̀ ẹ lè ka púpọ̀ nínú wọn láìmọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà kan wà níbẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Nuremberg gan-an?

Ẹ jókòó dáadáa, èyí gùn.

Báálù 795 ló gbéra, irú mẹ́ta ni wọ́n: Lancaster 572, Halifax 214, Mosquito 9. Nuremberg jìnnà, apá gúúsù Jámánì ló wà, èyí tó já sí pé wọ́n á wà lókè ilẹ̀ ọ̀tá fún wákàtí púpọ̀. Lásìkò òṣùpá báyẹn, wọn kì í sábà rán báálù lọ ìrìn tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé ìkùukùu máa bo òṣùpá lójú ọ̀nà, kó wá là díẹ̀ lókè ìlú náà kí wọ́n lè ríbi ju bọ́ǹbù sí. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Ojú ọ̀nà mọ́ gaara, ìlú náà ni ìkùukùu bò mọ́lẹ̀.

Àwọn tó ya ọ̀nà fún wọn tún fa ìlà kan gbọọrọ láti Bẹ́ljíọ̀mù wọ àárín Jámánì, ó lé ní 250 máìlì, tààrà, kò sí ìyàsọ́tùn-ún ìyàsósì kankan tó lè dójú rú ọ̀tá. Ìlà yẹn sì gba ẹ̀gbẹ́ ibi méjì tí báálù ọdẹ àwọn Jámánì ti ń pàdé lóru kọjá, wọ́n ń pe ọ̀kan ní Ida, èkejì Otto. Nígbà táwọn ọmọ RAF fi máa débẹ̀, wọ́n ti ń dúró dè wọ́n lókè. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, àwọn Jámánì ti ń gbọ́ rédà inú báálù àwọn RAF láti òkèèrè. Òtútù alẹ́ ọjọ́ náà tún jẹ́ kí èéfín funfun máa jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ní ibi tó rẹlẹ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ, ìlà funfun gbọọrọ lábẹ́ òṣùpá, ẹni tó bá ń wá yín kàn máa tẹ̀ lé e ni.

Àwọn báálù ọdẹ yẹn ní ìbọn kan tó kọjú sókè, wọ́n ń pè é ní Schräge Musik. Wọ́n á rọra wọ abẹ́ Lancaster tàbí Halifax, níbi tí kò sẹ́ni tó lè rí wọn, wọ́n á yìn ín sí apá tí epo wà. Wọn ò fi ọta tó ń tàn sí i, torí náà àwọn tó ń wò látinú báálù míì kàn ń rí i tí iná ń sọ lójijì láìmọ ibi tó ti wá, àwọn kan tiẹ̀ rò pé ohun tí Jámánì ń yìn sókè láti fi dẹ́rù bà wọ́n ni.

Báálù 95 ni kò padà: Lancaster 64, Halifax 31. Ọmọ RAF tó kú lóru ọjọ́ kan yẹn lé ní 500, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àwọn tó kú nínú Battle of Britain, ìjà òfúrufú ọdún 1940 lókè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi oṣù mélòó kan jà. Ẹ̀fúùfù tún ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn yà kúrò lọ́nà, àwọn kan lọ ju bọ́ǹbù tiwọn sí Schweinfurt, wọ́n rò pé Nuremberg ni, Nuremberg fúnra ẹ̀ kò bàjẹ́ tó bí wọ́n ṣe rò. Tí ẹ bá bi mí, òfò ni.

Páílọ́ọ̀tì kan, Cyril Barton, tí báálù ẹ̀ ti gbọgbẹ́, tí mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n jọ wà nínú báálù sì ti fi paraṣúùtù bẹ́ sílẹ̀ nítorí wọ́n ṣi àmì gbọ́, ó ṣì dé ibi tó ń lọ, ó darí padà, ó já sí Ryhope ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun kú, àwọn mẹ́ta tó kù pẹ̀lú ẹ̀ yè. VC, mẹ́dà ìgboyà tó ga jù ní Ìlú Ọba, ni wọ́n fún un lẹ́yìn ikú, òun nìkan ló gbà á fún òru yẹn.

Bomb aimer, iṣẹ́ wo nìyẹn?

Èèyàn méje ló ń wà nínú Lancaster: páílọ́ọ̀tì, ẹni tó ń wo ẹ́ńjìnnì, navigator tó ń mọ̀nà, ẹni wáyàlẹ́ẹ̀sì, ẹni ìbọn òkè, ẹni ìbọn ẹ̀yìn, àti bomb aimer. Imú báálù gan-an ni bomb aimer ń wà, ó máa dojú délẹ̀ nínú ike róbótó kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ilẹ̀ ló ń wò ní tààrà, iná tó ń jó nísàlẹ̀ àti ìbọn tó ń bọ̀ látilẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń rí kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Tí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ibi tí wọ́n ń lọ, òun ló ń darí báálù, páílọ́ọ̀tì kàn ń ṣe ohun tó bá sọ ni. Tó bá jẹ́ òsì, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa pè é, "left-left", tó bá jẹ́ ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan, kí ariwo ẹ́ńjìnnì mẹ́rin yẹn má baà jẹ́ kí wọ́n ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Lẹ́yìn náà ó máa tẹ bọ́tìnnì, báálù á fò sókè lójijì torí ẹrù ti bọ́ sílẹ̀.

Wọn ò tíì lè yà o. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà fún bí ìdajì ìṣẹ́jú sí i kí kámẹ́rà lè ya ibi tí bọ́ǹbù bọ́ sí, tí fọ́tò yẹn ò bá dáa, ọ̀gá lè ní ìrìn náà ò ká. Àwọn tó yè máa ń sọ pé kò sí ìdajì ìṣẹ́jú tó gùn tó yẹn láyé.

Ohun kan tún wà táwọn ọmọ máa ń fẹ́ mọ̀. Ihò tí wọ́n ń gbà bẹ́ sílẹ̀ níwájú Lancaster, abẹ́ ibi tí bomb aimer dùbúlẹ̀ sí gan-an ló wà. Òun ló yẹ kó ṣí i, òun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Ihò yẹn há fún ẹni tó gbé paraṣúùtù sáyà, pàápàá tí báálù bá ti ń yí po nínú òkùnkùn, ìyẹn wà lára ohun tó fà á tí àwọn tó ń bọ́ nínú Lancaster fi kéré sí àwọn tó ń bọ́ nínú Halifax.

Kí ló dé tí àwọn tó kú fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Nǹkan bíi 125,000 ló fò fún Bomber Command nígbà ogun yẹn, 55,573 ló kú. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Gbogbo wọn ló sì fúnra wọn yọ̀ǹda láti fò, wọn ò fipá mú ẹnikẹ́ni sínú báálù. Ìrìn 30 ni wọ́n gbọ́dọ̀ rìn kí wọ́n tó fún wọn nísinmi, ọ̀pọ̀ ò rìn tó mẹ́wàá. Àwọn míì kú níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, tí wọn ò tíì rí Jámánì sójú.

Ìyá àgbà sọ pé wáyà wá sílé pé ó "missing", wọn ò sọ pé ó kú. Kí nìyẹn túmọ̀ sí?

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí báálù ò padà, squadron kò mọ̀ bóyá wọ́n kú, bóyá wọ́n wà lẹ́wọ̀n, bóyá wọ́n ń fara pa mọ́ nínú oko ẹnì kan ní Bẹ́ljíọ̀mù. Torí náà ohun tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ ni pé a ò rí i. Ọ̀gá squadron á tún kọ lẹ́tà. Wọ́n á kó ẹrù ẹ̀ nínú yàrá, àwọn tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ yẹn á wò ó fínnífínní kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí ẹbí, torí wọ́n lè bá lẹ́tà ọmọge méjì níbẹ̀, wọn ò fẹ́ kí ìyá ẹ̀ tàbí ìyàwó ẹ̀ rí i. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ẹlòmíì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Ẹbí á wá máa retí ìròyìn láti ọwọ́ Red Cross ní Geneva. Tí nǹkan bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí kò sí nǹkan kan, ìjọba á kọ̀wé pé àwọn gbà pé ó ti kú. Ẹ fojú inú wò ó ní ilé Yorùbá, oṣù mẹ́fà, ẹ ò lè sọ pé ó kú, ẹ ò lè ṣe nǹkan kan, ìyá sì ń bi ọmọ tó mọ̀wé pé kó tún ìwé yẹn kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ìyá àgbà yín bá sọ títí tó fi kú pé ó lè ṣì wà níbì kan, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá wọn kiri lẹ́yìn ogun?

RAF ní àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, Missing Research and Enquiry Service. Nígbà tí ogun parí, nǹkan bí 42,000 ọmọ RAF ni wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà. Àwọn èèyàn yìí ń ti abúlé dé abúlé, wọ́n ń bi àlùfáà, wọ́n ń bi olórí ìlú, wọ́n ń hú sàréè tí wọ́n kọ "àwọn òyìnbó márùn-ún, a ò mọ̀ wọ́n" sí, wọ́n ń wo àmì tí wọ́n fi ń mọ aṣọ lọ́ndìrì, wọ́n ń wo òrùka, wọ́n ń wo nọ́mbà ara ẹ́ńjìnnì. Nọ́mbà ẹ́ńjìnnì yẹn ló yanjú ọ̀pọ̀ o, torí tí ẹ bá ti mọ báálù, ẹ ti mọ èèyàn méje. Èmi ò rò pé wọ́n yìn wọ́n tó fún iṣẹ́ yẹn.

Ibo ni wọ́n sin ín sí? Ṣé a lè gbé e wálé?

Ẹ ò lè gbé e wálé. Òfin àtìgbà ogun àkọ́kọ́ ni pé ibi tí ọmọ ogun bá kú sí ni wọ́n máa sin ín sí, ọmọ ọlọ́lá ni o, ọmọ tálákà ni o. Commonwealth War Graves Commission, CWGC, ló ń tọ́jú gbogbo wọn. Òkúta kan náà, ìwọ̀n kan náà, ipò kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn tó kú ní Jámánì, abúlé tí báálù já sí ni wọ́n kọ́kọ́ sin ọ̀pọ̀ wọn sí, lẹ́yìn ogun ni wọ́n wá kó wọn lọ sí itẹ́ ńláńlá bíi Reichswald Forest, Rheinberg, Hanover, Berlin, àti Durnbach ní apá Munich. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, Faransé àti Holland, àwọn kan ṣì wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì abúlé títí dòní, àwọn ará abúlé ló sì ń bá wọn tọ́jú òdòdó. Ara òkúta yẹn ni ẹ máa rí àmì RAF, orúkọ, nọ́mbà, iṣẹ́ tó ń ṣe, ọjọ́ tó kú, àti ọjọ́ orí tí ẹbí bá fi ránṣẹ́ nígbà yẹn. Ẹbí lè fi gbólóhùn kúkúrú kan sí i. Ti ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà, òfìfo ni, torí fọ́ọ̀mù yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ẹbí tàbí ẹbí ò dá a padà.

Tí ẹ bá rí i tí òkúta mẹ́rin tàbí márùn-ún fara kanra, tó ní ọjọ́ kan náà, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọn ò lè ya àwọn ará báálù yẹn sọ́tọ̀ síra wọn mọ́. Mo kàn sọ ọ́ kó má baà bá yín lójijì níbẹ̀.

Tí kò bá ní sàréè rárá ńkọ́?

Orúkọ ẹ̀ á wà ní Runnymede, lórí òkè Cooper's Hill ní Surrey, kò jìnnà sí Heathrow. Ọbabìnrin Elizabeth ló ṣí i ní oṣù kẹwàá 1953. Ó lé ní 20,000 ọmọ ogun òfúrufú tí orúkọ wọn wà lára ògiri ibẹ̀, àwọn tí kò ní sàréè tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọdún ni wọ́n fi tò ó, lẹ́yìn náà ipò, lẹ́yìn náà orúkọ, torí náà ẹ mọ ọdún àti ipò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa rìn títí ẹsẹ̀ á fi wú.

Orúkọ nìkan ni mo ní. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Wẹ́bsáìtì CWGC ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ ìdílé nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má fi àmì ohùn sí i, ẹ má tẹ orúkọ àbísọ. Ẹ yan Air Force, ẹ yan ogun kejì. Akọ̀wé òyìnbó ló kọ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ bó ṣe dún létí ẹ̀, nítorí náà tó bá jẹ́ "Sh" ẹ dán "S" wò, ẹ yọ "h" kúrò, ẹ fi "w" rọ́pò "u", ẹ wò ó bóyá orúkọ ìsàmì ni wọ́n fi kọ ọ́ dípò Adé tàbí Ọlá. Mo mọ ẹbí kan tó wá bàbá wọn títí, ẹ̀yìn-ọ̀rẹyìn ni wọ́n rí i pé orúkọ àárín ni wọ́n fi ṣe orúkọ ìdílé fún un.

Tó bá jẹ́ Bomber Command ni, ẹ lọ sí àkójọ orúkọ ti International Bomber Command Centre ní Lincoln, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà, orúkọ tó wà níbẹ̀ lé ní 57,000, wọ́n sì máa ń fi fọ́tò àti ìtàn sí i tí ẹbí bá fi ránṣẹ́. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ jọ̀ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan National Archives, ibi tí ìjọba Ìlú Ọba ń kó ìwé àtijọ́ sí, ní Kew ní London. Nǹkan tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni AIR 27, ìwé àkọsílẹ̀ squadron, àti AIR 81 tó jẹ́ fáìlì àwọn tó kú tàbí tó sọnù. Fáìlì iṣẹ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ ti máa rí ọjọ́ tó wọṣẹ́ àti ibi tó ti kọ́ṣẹ́, ọwọ́ Ministry of Defence, ilé iṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba tó ń bójú tó ọmọ ogun, ni irú ẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń kó wọn lọ sí Kew láti 2022.

Kí ni mo máa rí nínú ìwé squadron yẹn?

Ẹ má retí ìtàn gígùn. Ojú ewé kan, wọ́n fi tàìpù tẹ̀ ẹ́, ọjọ́, nọ́mbà báálù, orúkọ àwọn méje, àsìkò tí wọ́n gbéra. Níwájú àwọn tó padà, àsìkò tí wọ́n balẹ̀ àti gbólóhùn méjì mẹ́ta nípa ohun tí wọ́n rí. Níwájú tiyín, àyè òfìfo níbi tó yẹ kí àsìkò ìbalẹ̀ wà, lẹ́yìn náà pé báálù yìí kò padà, a ò gbọ́ nǹkan kan láti ìgbà tó ti gbéra. Ó parí. Ẹ ka àwọn ìlà tó kù lójú ewé yẹn náà o, torí ohun táwọn tó padà rí lójú ọ̀nà ni tiyín náà rí títí dé ibi tó parí sí.

Wọn ò fún wa ní mẹ́dà kankan. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò gbà á rí, torí lẹ́yìn ogun, èèyàn ló ń kọ̀wé béèrè. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù nínú ẹbí lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì mẹ́dà Ministry of Defence. Tó bá fò láti Ìlú Ọba lọ bá ọ̀tá lókè ilẹ̀ Yúróòpù kí ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 1944 tó kọjá, Air Crew Europe Star ni kẹ́ ẹ béèrè pẹ̀lú 1939-45 Star. Láti 2013 ni wọ́n tún ti ń fún àwọn ará Bomber Command ní irin kékeré kan tí wọ́n ń kàn mọ́ 1939-45 Star. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun tó bá yín gbà á, ẹ sá fún un.

London ni mo wà. Ibo ni mo lè mú àwọn ọmọ lọ?

Green Park, létí Piccadilly. Ọbabìnrin ṣí ibi ìrántí Bomber Command níbẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2012, ọkùnrin méje tí wọ́n fi idẹ ṣe, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ojú ìjà, àwọn kan ń wo òkè bí ẹni tó ń retí àwọn tó kù. Wọ́n lo irin ara Halifax kan tó já ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1944 sí òrùlé ẹ̀. Ẹ rìn díẹ̀ síwájú dé Constitution Hill, ẹ máa rí Memorial Gates tó wà fún ọmọ ogun Áfíríkà, Caribbean àti Íńdíà. Ní Brixton, Windrush Square, òkúta ìrántí ọmọ Áfíríkà àti Caribbean wà níbẹ̀ láti 2017.

Àmọ́ tó bá jẹ́ àwọn ọmọdé, RAF Museum ní Hendon ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Lancaster odindi kan wà níbẹ̀, R5868, tó rìn ìrìn 137, wọ́n ya bọ́ǹbù kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fún ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró sábẹ́ imú ẹ̀, ẹ nawọ́ sí ike yẹn, ẹ ní ibí ni bàbá wa dùbúlẹ̀ sí. Wíwọlé ò ní kẹ́ ẹ sanwó.

Ọmọ mi bi mí pé ṣé kì í ṣe àwọn ìyá àti ọmọ ni wọ́n ń ju bọ́ǹbù lù. Kí ni kí n sọ?

Ẹ sọ òótọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni. Hamburg, oṣù keje 1943, iná tó jó níbẹ̀ di ìjì, ó pa nǹkan bí 37,000 èèyàn, ọ̀pọ̀ wọn nínú ihò tí wọ́n sá sí. Dresden, oṣù kejì 1945, àwọn tí ìlú náà gbé iṣẹ́ ìwádìí lé lọ́wọ́ sọ pé àwọn tó kú kò ju 25,000 lọ. Kì í ṣe pé bọ́ǹbù kàn ṣèèṣì bọ́ sórí ilé wọn o, láti 1942 ni àṣẹ ti wà pé kí wọ́n máa ju bọ́ǹbù sí ìlú fúnra ẹ̀. Àwọn Jámánì ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí Warsaw, Rotterdam, London àti Coventry ṣáájú, ìyẹn náà òótọ́ ni, àmọ́ kò jí ọmọ kankan dìde ní Hamburg. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé iṣẹ́ ìbọn, ọ̀nà rélùwéè àti àwọn tó ń fi èèyàn ṣẹrú wà nínú àwọn ìlú yẹn.

Èmi ò fara mọ́ àwọn tó ní ká má rántí wọn rárá. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tó dojú délẹ̀ nínú imú báálù kọ́ ló yan Hamburg, ọ̀gá tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ló yàn án. Àmọ́ òun ló tẹ bọ́tìnnì, mi ò sì fara mọ́ àwọn tó ń kọ ọ́ bí ẹni pé inú òkùnkùn lásán ni bọ́ǹbù ń bọ́ sí. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ìrántí bàbá yín, ẹ wá orúkọ ìlú tó ń lọ lóru yẹn, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ náà mọ́ ọn. Àwọn ará International Bomber Command Centre ní Lincoln tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń ṣe é, wọ́n ń gba ìtàn lẹ́nu àwọn tó wà lábẹ́ bọ́ǹbù náà.

Ṣé a lè lọ wú báálù náà jáde?

Rárá o, ẹ má gbé ṣọ́bìrì. Ní Ìlú Ọba, òfin 1986 sọ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ibi tí báálù ogun já sí láìgba ìwé àṣẹ ti dẹ́ṣẹ̀. Holland ní ètò ìjọba tó ń wú àwọn tí òkú ṣì lè wà nínú wọn, 2020 ni wọ́n gbé Stirling kan, báálù bọ́ǹbù RAF, BK716, jáde nínú omi Markermeer, ó ti wà níbẹ̀ láti 1943. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, kì í ṣe tẹbí.

Wọ́n fi ìtàn kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé bàbá wa ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó...

Ẹ dúró ná. Gbogbo ẹbí ló ní "àkọ́kọ́". Ẹ wo ìwé ná kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ síwájú. Ẹni tó rìn ìrìn mẹ́jọ sí Jámánì lóru kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ kún tiẹ̀.

Ọjọ́ wo ni ká máa ṣe ìrántí ẹ̀?

Ti Nàìjíríà nílé la máa ń ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ti Ìlú Ọba sì ni ọjọ́ ìsinmi kejì nínú oṣù kọkànlá. Àmọ́ ẹbí lè ṣe tiwọn lọ́jọ́ tó kú gan-an, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kẹ́ ẹ pe àlùfáà Mùsùlùmí wá sílé ṣàdúà. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú déètì: òru kan bọ́ sí ọjọ́ méjì, ìwé kan lè kọ 30, òmíì kọ 31. Èyí tó wà lọ́dọ̀ CWGC ni kẹ́ ẹ lò, kí gbogbo ilé máa lo ọ̀kan.

Àwọn mẹ́fà yòókù tó wà nínú báálù ńkọ́?

Mo dúpẹ́ pé ẹnì kan bi mí ní èyí. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, gbogbo wọn, ẹ sì wá ẹbí wọn. Wọ́n lè wá láti Leeds, Toronto tàbí Sydney, ẹbí wọn náà ń wá nǹkan. Àwọn méje yẹn máa ń ya fọ́tò pa pọ̀ lábẹ́ báálù, ẹ̀dà ti ọmọ Áfíríkà kì í sábà dé ilé, àmọ́ ìyá ẹni ìbọn ẹ̀yìn lè ti fi tiẹ̀ sínú gíláàsì láti 1944, kí àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ sì máa bi ara wọn pé ta ni aláwọ̀ dúdú tó dúró lápá òsì yìí. Tí ẹ bá rí wọn, ẹ fi orúkọ bàbá yín ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú àmì ohùn lórí ẹ̀, kí wọ́n lè pè é dáadáa.